Ìyá, Tòmátì Yín Kò Mọ̀ Pé Ilẹ̀ Ti Mọ́

Ìyá mi ọ̀wọ́n, tí ojú mi ṣì ń wá,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé yóò yà yín lẹ́nu. Nígbà tí ẹ fi kú, ìka ni mo ṣì ń tẹ̀ bí ìwé bá dé. Ní báyìí, mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà lọ́sàn-án, nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn mọ́sáláásí wa. Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé ni a ń jókòó lé. Orúnkún mi a máa kan ìsàlẹ̀ tábìlì, àwọn ọmọ a sì máa yọjú lójú fèrèsé wá wo àwọn ìyá àgbà tó ń ka a, b, d. Mi ò tijú wọn. Olùkọ́ wa, tí mo lè bí ìyá rẹ̀ lọ́mọ, ní kí oníkálukú kọ lẹ́tà sí ẹni tí àárò rẹ̀ ń sọ ọ́. Àwọn yòókù kọ sí ọmọ wọn ní Èkó. Ẹ̀yin ni mo kọ sí. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni mo ṣe ń kọ ọ́, kì í ṣe bí a ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé wa, nítorí náà bí ó bá dún létí yín bí ọ̀rọ̀ ará Ọ̀yọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Ọ̀rọ̀ tòmátì yín ló gbé mi dé ibí.

Ẹ̀yìn balùwẹ̀ tí ẹ ní kí a sin yín sí náà ni a sin yín sí. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, tòmátì hù yí sàréè yín ká. Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Wọn kò sì jọ tòmátì tí ojú wa mọ̀. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ewé wọn kéré, ara wọn pupa rúsúrúsú bí ojú ẹni tí ibà apọ́njú ń ṣe. Inú oòrùn gangan ni wọ́n wà, àmọ́ wọ́n rí bí ohun tó hù lábẹ́ ibùsùn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, gbogbo wọn a tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a wá dà bíi pé wọ́n ń nàgà wo ẹnu ọ̀nà ilé.

Ẹ mọ̀ wọ́n. Láyé yín, irú wọn a máa yọ lẹ́yọ lẹ́yọ láàárín àwọn tó dára. Ẹ ó fi ọwọ́ òsì fà wọ́n tu, ẹ ó jù wọ́n sórí ààtàn. Mo bi yín nígbà tí mo wà lọ́mọdé pé kí ni wọ́n ṣe. Ẹ ní wọn kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ni. Ẹ kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ẹ ó gbé ìka yín sí imú, ẹ ó gbóòórùn ewé tòmátì tó kù lára rẹ̀, ẹ ó sì dijú. Kí ni ẹ máa ń rántí nígbà náà? Mi ò bi yín rí. Títí di òní, bí mo bá fi ọwọ́ pa ewé tòmátì, ẹ̀yin ni mo máa ń rí.

Ìyá, ẹ̀yin ni ẹ fà á tí ọ̀rọ̀ yẹn kò fi kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí ojú yín fọ́ tán, a máa ń mú yín jáde láàárọ̀ kí ẹ lè yá oòrùn. Oòrùn á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, òógùn á bọ́, ẹ ó na ọrùn yín síwájú, ẹ ó sì béèrè pé, “Ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?” Mo máa ń dáhùn pé ó ti mọ́. Ẹ ó tún béèrè. Ó ń dùn mí pé n kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ tí ẹ ó fi gbà mí gbọ́. Bí ẹ ṣe kú náà nìyẹn, lórí àga yẹn, nínú oòrùn, pẹ̀lú ọrùn yín tó nà.

Ẹ wá wo ohun tó hù sórí sàréè yín.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti hù ni mo ti ń lọ kí wọn láàárọ̀. Mo ń kúnlẹ̀, mo ń ní, “Ìyá, ẹ káàárọ̀, ilẹ̀ ti mọ́.” Bí mo bá wà nídìí iná, mo máa ń gbọ́ bí ẹni pé ẹnìkan ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri bí ẹ ti máa ń ṣe kí ẹ tó jókòó. Bí mo bá yíjú, kò sẹ́nìkan. Ẹ̀rù ń bà mí, àmọ́ mi ò sá. Mo ní ẹ ń pè mí ni. Nínú gbogbo ọmọ yín, èmi ni ẹ pè. Ẹ má bínú, inú mi dùn sí i.

Làmídì, àbíkẹ́yìn yín, kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì bá ìsìnkú yín. A ti bo ilẹ̀ tán kó tó wọlé. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti padà wá sí Ìlá, ó ń gbé yàrá iwájú. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí tòmátì yẹn, kò lè jẹun.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, “Ìyá ń bínú.”

“Sí ta?”

Ó kàn ń wo ẹ̀yìn balùwẹ̀ láti òkèèrè. Nígbà tó yá, ó ní òun yóò pe bíríkìlà lọ́jọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, kí ó fi kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ kí ohunkóhun má baà hù níbẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ tì í lẹ́yìn, ó ní àwọn aládùúgbò ti ń gba ọ̀nà mìíràn nítorí tòmátì yín. Bí mo ti jẹ́ àgbà ilé, ẹnu mi ni wọ́n ń wò. Ògiri ìdáná tí ẹ máa ń lẹ irúgbìn yín mọ́ ti wó nígbà òjò èṣín. Àwọn tó wà lórí sàréè yẹn nìkan ni ohun tó ṣì wà láàyè tó ti ọwọ́ yín jáde. Bí a bá da kọnkéré lé e, ó parí nìyẹn.

Àárín ìyẹn ni Síkírá dé. Ẹ rántí Síkírá, ọmọ Mùsílíù mi, tí ẹ gbé pọ̀n títí ó fi ń tijú. Ó ti di òmìdan, ẹ̀kọ́ nípa ewéko ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ẹ jẹ́ kí n fi í yangàn díẹ̀, tèmi ni. Àwọn olùkọ́ wọn ló daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí kálukú máa lọ sílé. Nítorí ọ̀wọ́n epo, kò rí mọ́tò, ó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà láti Ìkìrun dé ilé. Kò tíì fọ eruku kúrò lójú tó fi rí tòmátì yín, ló bá lóṣòó tì í.

“Màmá àgbà, ta ló gbin ìwọ̀nyí?”

“Kò sẹ́ni tó gbìn wọ́n. Ìyá ni.”

“Ìyá tó wà nínú ilẹ̀?”

“Pa ẹnu ẹ dé.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìka gbé ewé kan sókè. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ nínú àwòrán, òun kò mọ̀ pé òun máa bá a nílé àwọn. Ó lọ gbin tòmátì ọjà sínú agolo méjì, àwọn tó pọ́n tí mo fẹ́ fi se ọbẹ̀, ó sì da ìkòkò bo agolo kan, ó fi èkejì sínú oòrùn. Nígbà tí wọ́n hù, ó ṣí ìkòkò náà, ó pè mí. Ìyá, àwọn tó wà lábẹ́ ìkòkò ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n pupa rúsúrúsú. Tiyín gan-an ni. Mo sá sẹ́yìn.

“Ẹ má sá, Màmá àgbà. Inú òkùnkùn ni wọ́n wà. Irúgbìn tó bá wà lókùnkùn kì í fi agbára rẹ̀ ṣòfò lórí ewé. Yóò máa ga, yóò máa ga, yóò máa wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.”

Ó gbé wọn sínú oòrùn. Kó tó pẹ́, wọ́n dẹ́kun gíga, ewé wọn là, wọ́n sì di tútù bí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Tiyín nìkan ló kù tí oòrùn kò tí ì wí nǹkan kan fún.

Mo ní kí ló dé. Ó wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́ tì. Ẹsẹ̀ mi ló wá wò. Mo ti fi ojúgun gbá ẹnu odó níjọ́ mélòó kan ṣáájú, ibẹ̀ ti kọ́kọ́ dúdú, etí rẹ̀ sì ti wá ń di àwọ̀ ewé.

“Ẹ wò ó, ibí yìí gan-an ni. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kó pọ́n, ó rí bí òrùka. Nígbà tí ẹ gbá ẹsẹ̀ yín, ẹ̀jẹ̀ sé síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké kan wà nínú ara, ẹ́ńsáìmù là ń pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ló já òrùka yẹn, ló bá di àwọ̀ ewé tí ẹ̀ ń rí yìí.”

“Kí ló kan tòmátì?”

“Tòmátì náà ń ṣe òrùka pupa yẹn nínú ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ẹ̀jẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan nínú rẹ̀ yóò já a, yóò di àwọ̀ ewé bíi ti ẹsẹ̀ yín. Òṣìṣẹ́ kejì yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, yóò tún un ṣe, yóò di aró.”

“Aró? Aró aṣọ?”

“Ó jọ ọ́ láwọ̀. Aró yẹn ni tòmátì fi ń mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ti dé. Bí oòrùn bá bà á, á yí padà, á ránṣẹ́ sí gbogbo ara pé kí wọ́n má ga mọ́, kí wọ́n là. Èyí tó wà lórí sàréè, ó jọ pé ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì ni kò sí lẹ́nu iṣẹ́ dáadáa. Mi ò lè búra títí n ó fi yẹ̀ ẹ́ wò níléèwé. Aró rẹ̀ kò tó. Oòrùn ń pa á lórí, kò mọ̀.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò mọ ohun tó sọ sí mi létí. Ìyá, ṣé bó ṣe rí lára yín nìyẹn, lórí àga yẹn?

Síkírá ní kí n má sunkún, ó ní kò pa tòmátì náà, yóò tutù díẹ̀ bó bá dàgbà, yóò sì so. Ohun tó ń rú u lójú ni pé gbogbo wọn pátá ló rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ó yẹ kí èyí tó dára wà láàárín wọn, bíi tìgbà tí ẹ wà, àfi bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn tó pupa ni ẹnìkan mú ṣe irúgbìn. Ó ní ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan èyí tí kò dára?

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Ọdún tí ojú yín fọ́, ẹ ní kí a mú yín lọ sídìí tòmátì yín. Ẹ fi ọwọ́ wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kan ọ̀kan tó ga ju gbogbo wọn lọ, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, “Èyí ni ọmọ! Ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Àwọn kúkúrú tó yí i ká yìí, ẹ fà wọ́n tu kí wọ́n má jẹ ẹ́ lóúnjẹ.” Gbogbo wa rí i pé ó pupa. Ta ni yóò sọ fún yín? Àwa ti fà wọ́n tu, àwọn tó tutù yọ̀yọ̀. Ẹ fi eérú bọ́ ọ, ẹ fi igi gbè é. Nígbà tó so, ẹ ní kí n fọ́ ọ̀kan sórí sàréè Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, kí n sì lẹ ìyókù mọ́ ògiri.

Síkírá pàtẹ́wọ́. “Ó tán! Ọmọ tó pupa ló bí gbogbo wọn, èyí tí ẹ fọ́ sórí sàréè Bàbá ló tàn dé ibí.” Lẹ́yìn náà ló rí ojú mi, ló bá sọ ọwọ́ méjèèjì kalẹ̀.

Nígbà tí Sátidé náà pé, bíríkìlà dé. Iyanrìn ti wà nílẹ̀, ó ti ń pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì. Mo gbé àpótí ìjókòó mi sáàárín tòmátì yín, mo jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde jọ̀ọ́,” Làmídì wí. “Sìmẹ́ńtì ò ní dúró dè wá.”

“Dà á lé mi lórí.”

“Ilé ẹ̀kọ́ àgbà yìí ti gorí yín.”

“Ó gorí mi. Ó sì yẹ mí. Wá jókòó.”

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin ará ilé yìí, bí ẹ bá parí ìjà yín, ẹ ké sí mi,” ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi obì.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Làmídì bí Síkírá ṣe sọ ọ́ fún mi. Mo ká ìró mi sókè, mo fi ojúgun mi hàn án. Mo sọ ti òrùka, ti òṣìṣẹ́ méjèèjì, ti aró. Mo sọ fún un bí ẹ ṣe fi ọwọ́ yan èyí tó ga. Ó ń fi igi kékeré ya ilẹ̀, kò wo ojú mi.

“Ṣé pé kì í ṣe nítorí tèmi?” ló bi mí nígbà tó pẹ́.

“Kí ni?”

“Mi ò bá Ìyá. Wọ́n ti bo ilẹ̀ kí n tó dé. Mo ní wọ́n ń na ọrùn wá mi ni.”

Ìyá, mi ò mọ̀ pé ohun tó ń gbé kiri nìyẹn. Àgbà ọkùnrin tó ti ń hu ewú. Mo ní, “Làmídì, mi ò lè bá ọ mọ ohun tó wà nínú Ìyá. Àmọ́ tòmátì yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ. Kò wá ẹnikẹ́ni. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá, kò sì mọ̀ pé inú rẹ̀ lòun wà. Ìyá kọ́ ló rán an.”

Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó pe bíríkìlà pé kí ó lọ fi sìmẹ́ńtì náà tún ilẹ̀ balùwẹ̀ ṣe, ó kúkú ti ń fọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀rín ló pa òun. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ iyán, ó bù kún un.

Síkírá fẹ́ gbọn ìyẹ̀fun inú òdòdó tòmátì ọjà sínú òdòdó tiyín bí wọ́n bá tanná, ó ní àwọn ọmọ wọn yóò tutù, yóò sì tún jẹ́ tiyín. Mo ní kó ṣe é sí àwọn tó wà lápá ẹsẹ̀. Àwọn tó wà níbi orí yín, kó fi wọ́n sílẹ̀ bí ẹ ṣe yàn wọ́n.

Inú gbogbo ilé dùn, Ìyá. Làmídì ń sùn, ó ń hanrun. Èmi ni mi ò rí oorun sùn dáadáa. Mo lọ kí àwọn tòmátì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀, ẹnu mi kò ṣí. Ta ni mò ń kí? Mo gbọ́ ìró lára ògiri, mo yíjú, aláǹgbá ni. Ọ̀rọ̀ tí mo fi tu Làmídì nínú, ẹnu mi ló ti jáde, n kò sì lè pè é padà. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni ẹ rán wọn, a jẹ́ pé ẹ kò pè mí. A jẹ́ pé láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, ẹ kò tíì pè mí rí.

Ṣé ibi tí ẹ wà mọ́lẹ̀? Ṣé ara yín mọ̀ ọ́n?

Mo gbà kí ẹ̀rù yẹn tún máa bà mí, Ìyá. Mo gbà kí ọwọ́ yẹn tún máa kan ògiri. Ẹ wá, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ìbínú ni ẹ bá wá. Mi ò ní pe bíríkìlà.

Èmi ni,
àkọ́bí yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ń tẹ́tí.